Ohun tí oògùn apakòkòrò ń fojú àwọn awakọ̀ bàálù oko rí

Ní agbègbè Mississippi lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí oko òwú ti tẹ́ lọ bí ẹní títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀, kí oòrùn tó mú rárá ni iṣẹ́ àwọn awakọ̀ bàálù oko ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàálù kékeré tí èèyàn kan ṣoṣo ń wà ni. Àgbá oògùn wà níwájú awakọ̀, páìpù tó ní ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ sì wà lábẹ́ apá ọkọ̀ náà lọ́tùn-ún àti lósì. Awakọ̀ yóò mú ọkọ̀ wálẹ̀ títí tí kò fi ní ju mítà 3 tàbí 4 lọ sí orí ewé òwú, yóò sì máa sá eré tó ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Bó bá dé ìpẹ̀kun oko, níbi tí igi tàbí wáyà iná ti dábùú, yóò fa ọkọ̀ náà sókè lójijì, yóò yí i po, yóò sì tún padà wọ inú oko. Báyìí ni yóò máa ṣe láìmọye ìgbà títí òwúrọ̀ yóò fi kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó bá fi pẹ́ láti fa ọkọ̀ náà sókè lè jẹ́ òpin ọ̀rọ̀.

Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá já, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé awakọ̀ kò rí wáyà, tàbí pé ó ṣi ìwọ̀n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́. Ìbéèrè tí kì í tètè jáde ni pé kí ló dé tí ẹni tó ti ń fò lórí oko kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kò fi rí wáyà tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń tọ́ka sí ìdáhùn kan: oògùn tí awakọ̀ náà rù lè ti wọ ara rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n tó pọ̀ tó láti dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù o. Ìwọ̀n kékeré ni, èyí tó jẹ́ pé bó bá mú àgbẹ̀ lóko, yóò kàn lọ jókòó sábẹ́ igi, yóò bu omi bọ́jú, yóò sì sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò ní igi tí yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, nítòsí ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ ogun kan, John Macready, ló wa ọkọ̀ náà gba orí àwọn igi kan tí kòkòrò ajẹwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, ó sì da ìyẹ̀fun tí òjé àti arsenic wà nínú rẹ̀ lé wọn lórí. Ó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Huff Daland Dusters fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù gbógun ti kòkòrò tí ń ba òwú jẹ́ ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló yí orúkọ padà sí Delta ní ọdún 1928, Delta tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti wọ̀ láti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà. Bàálù ayé ìgbà náà kò ní òrùlé. Awakọ̀ á jókòó sínú atẹ́gùn gbalasa, bó bá sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, inú eruku tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ ni yóò tún gbà kọjá.

Arsenic burú, ṣùgbọ́n ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ojú àti ti ọpọlọ. Ní Jámánì, onímọ̀ kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ Gerhard Schrader ń wá oògùn tí yóò pa kòkòrò oko ní ọdún 1936 nígbà tó ṣàdédé ṣe tabun, èyí tí ìjọba Násì sọ di ohun ìjà ogun. Ní ọdún 1944, ọkùnrin yìí kan náà ló ṣe parathion. Nítorí náà, ẹbí kan ni oògùn oko yìí àti oró tí wọ́n fi ń pa èèyàn lójú ogun; organophosphate ni wọ́n ń pe ìdílé náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ìjọba Amẹ́ríkà ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù Stearman tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní pọ́ọ́kú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ojú ogun dé rà wọ́n, wọ́n yọ ìjókòó iwájú, wọ́n gbé àgbá oògùn sí i, wọ́n sì gba oko lọ. Parathion àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tún le jù ú lọ, TEPP, wà lára ohun tí wọ́n ń rù.

Báwo ni oògùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara? Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí iṣan ṣe nǹkan, ìránṣẹ́ ló máa ń rán sí i. Acetylcholine ni àwọn onímọ̀ ń pe ìránṣẹ́ náà. A lè fi í wé ìlàrí tí Aláàfin rán sí baálẹ̀ ìletò kan láyé àtijọ́: ó dé, ó jíṣẹ́, baálẹ̀ sì ṣe bí wọ́n ti ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n ìlàrí kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ kó máa tún iṣẹ́ kan náà jẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìletò yóò dàrú. Nínú ara wa, èròjà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa palẹ̀ ìránṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti jíṣẹ́ tán. Cholinesterase ni orúkọ rẹ̀. Òun gan-an ni parathion àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀. Ìránṣẹ́ yóò wá máa pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn yóò sì máa pariwo iṣẹ́ kan náà. Itọ́ yóò máa dà lẹ́nu, omi yóò máa bọ́ lójú, òógùn yóò bo gbogbo ara, inú yóò máa lọ́ ènìyàn, iṣan yóò máa ta fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fẹ́ bẹ́ẹ̀, àyà yóò sì fún. Bó bá pọ̀ jù, àwọn iṣan tí a fi ń mí yóò dákẹ́.

Èyí ni ti ẹni tí oró náà mú gidigidi. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ bàálù kì í sábà dé ibẹ̀ kó tó di ewu, nítorí pé bí ìkùukùu tàbí ìyẹ̀fun oògùn bá kan ojú, ojú náà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọmọlójú, ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, yóò fún títí tí yóò fi kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ayé yóò ṣú díẹ̀. Ẹ̀fọ́rí yóò bẹ̀rẹ̀ lókè ojú. Wíwo ohun tó sún mọ́ni kí a sì tètè gbé ojú sókè wo ohun tó jìnnà yóò di iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun mìíràn tí awakọ̀ bàálù oko ń ṣe láti òwúrọ̀ ju kó máa wo àwọn nǹkan tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé ojú sókè wo wáyà, kó tún wo ewé òwú.

Bó bá wá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni oògùn náà kàn, bóyá nítorí pé ó fi ìbọ̀wọ́ tó ní oògùn lára nu ojú òsì, ọ̀rọ̀ náà burú ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ní ọdún 1922, onímọ̀ kan ní Jámánì, Carl Pulfrich, ṣàlàyé ohun àrà kan. Bí a bá so nǹkan rọ̀ tó ń fì lọ tó ń fì bọ̀ níwájú wa, tí a sì fi gíláàsì dúdú bo ojú kan, nǹkan náà kò ní dà bí ohun tó ń fì mọ́, yóò dà bí ẹni pé ó ń yípo. Ohun tó fà á ni pé ohun tí ojú tí kò rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bá rí máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì ṣi ibi tí nǹkan náà wà mú. (Pulfrich fúnra rẹ̀ kò lè rí ohun tó ṣàlàyé yìí, nítorí ojú rẹ̀ kan ti fọ́.) Ọmọlójú tó fún lójú kan ń ṣe iṣẹ́ gíláàsì dúdú náà gẹ́lẹ́. Awakọ̀ yóò rí wáyà o, ṣùgbọ́n kò ní rí i níbi tó wà. Ní ọdún 1956, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde nípa ohun tí TEPP ń ṣe fún ojú, ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ bàálù oko tí ọmọlójú wọn fún, tí wọn kò sì mọ bí nǹkan ti jìnnà sí wọn tó mọ́, wà nínú rẹ̀. Ilé ìwádìí ìlera awakọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ sí ìlú Oklahoma City náà sì kọ ìwé lórí ewu yìí láti àwọn ọdún 1960 wá. Kì í ṣe ohun tí a kò mọ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé imú àti ẹnu nìkan ni oògùn ń gbà wọlé. Awọ ara ni ọ̀nà tó tóbi jù. Àwọn olùwádìí tó fi parathion díẹ̀ kan oríṣiríṣi ibi lára ènìyàn sọ ní ọdún 1971 pé ohun tó wọlé láti apá kò tó ìdá 9 nínú 100, ṣùgbọ́n láti ojú awọ abẹ́ ọkùnrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹ wá ro ti awakọ̀ tó jókòó fún wákàtí mẹ́rin lórí àga tí oògùn ti ta sí, nínú ooru, pẹ̀lú ṣòkòtò tí òógùn ti rin. Kò mú nǹkan kan, kò gbọ́ òórùn kan, kò sì sí ibi tó ń ta á.

Ohun mìíràn tó tún fara sin ni pé gbèsè ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Cholinesterase tí oògùn bá ti dè pa lára ẹ̀jẹ̀ pupa kì í jí padà, àfi kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, ara sì ń ṣe nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lójúmọ́. Awakọ̀ tó bá pàdánù ìdá 10 lọ́sẹ̀ yìí, tó tún pàdánù ìdá 10 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ń na owó tí kò tíì wọlé. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ìwọ̀n oògùn tí kò ṣe é ní nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò iṣẹ́ yóò gbé e ṣubú. Kó tó di ọjọ́ náà, yóò máa sọ pé ó rẹ òun, pé òun kò sùn dáadáa, pé bóyá ọ̀fìnkìn ló fẹ́ mú òun. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye ilẹ̀ tí awakọ̀ bá fín ni wọ́n sábà máa ń fi sanwó fún un, àkókò iṣẹ́ kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ fún dókítà pé ojú òun ń ṣú lè pàdánù owó ọdún kan. A kò lè torí èyí pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó mú kí ènìyàn jèrè nínú fífi àìsàn rẹ̀ pamọ́, irú ètò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á bi léèrè ọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò le. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ kí àkókò iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì kọ iye cholinesterase rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé iye ti Lágbájá yàtọ̀ sí ti Làkáṣègbè. Lẹ́yìn náà, wọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ìpínlẹ̀ California ti sọ èyí di òfin láti ọdún 1974 fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ọwọ́ kan irú oògùn yìí déédéé. Bí iye náà bá wálẹ̀ sí ìdá 80 nínú 100 ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí wọ́n ń ṣe tí kò dára. Bó bá wálẹ̀ dé ìdá 70 nínú ẹ̀jẹ̀ pupa, tàbí ìdá 60 nínú omi ẹ̀jẹ̀, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kúrò nídìí oògùn títí yóò fi padà dé ìdá 80. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí níbi kankan nínú òfin náà tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ sọ pé ara òun kò yá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí kan jáde ní ọdún 1999 tó fi àwọn awakọ̀ bàálù oko tí iye wọn sún mọ́ 10,000 wé àwọn olùkọ́ awakọ̀ bàálù tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, láti ọdún 1965 títí di 1988. Àwọn ti oko kú jù, ìjàm̀bá bàálù ló sì dá ìyàtọ̀ tó tóbi jù sílẹ̀. Wọ́n tún rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀yà inú tí wọ́n ń pè ní pancreas pọ̀ jù láàárín wọn. Àkọsílẹ̀ ikú ni wọ́n lò, wọn kò wọn oògùn tó wọ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà a kò lè fi ìka kan tọ́ka sí oògùn kan. Ohun tó ká wa lára jù nínú rẹ̀ ni ti ìjàm̀bá bàálù yẹn: mélòó nínú wọn ni ọmọlójú wọn ti fún kí ọkọ̀ tó já?

Ìtọ́jú wà, ó sì ní ìtàn tó kan Nàìjíríà. Àwọn Efik ní Kàlàbá ní ẹ̀wà igbó kan tí wọ́n ń pè ní esere, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ẹni tó bá bì í ti bọ́, ẹni tó bá kú ni wọ́n kà sí ẹlẹ́bi. Ẹ̀wà náà dé ìlú Edinburgh. Ní ọdún 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe rí, díẹ̀ ló sì kù kó pa á. Ní ọdún 1863, dókítà ojú kan níbẹ̀, Douglas Argyll Robertson, fi hàn pé omi ẹ̀wà yìí ń mú kí ọmọlójú fún. Cholinesterase kan náà ni ẹ̀wà Kàlàbá ń dè, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà sì padà wo àwòkọ́ṣe èròjà inú rẹ̀ láti ṣe ìdílé oògùn apakòkòrò mìíràn tí ń jẹ́ carbamate. Edinburgh yìí náà ni Thomas Fraser ti fi hàn láìpẹ́ sí ìgbà náà pé atropine lè gbógun ti oró ẹ̀wà yìí. Atropine kan náà ni àwọn dókítà ṣì ń gún fún ẹni tí oògùn apakòkòrò bá mú, pẹ̀lú pralidoxime, tó jáde ní àárín àwọn ọdún 1950, tó lè tú cholinesterase sílẹ̀ lọ́wọ́ organophosphate bí wọ́n bá tètè lò ó. Ní ti epo pupa tí a máa ń sáré fún ẹni tó bá mu májèlé, kò lè tú ìdè yìí. Ohun tó dára ni kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa da omi sí ojú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ike tàbí ìgò oògùn náà.

Nǹkan ti yí padà fún àwọn awakọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1950 ni Fred Weick kọ́kọ́ fò pẹ̀lú bàálù tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ oko, tó fi ààbò awakọ̀ ṣe àkọ́kọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá já. Ọ̀pọ̀ bàálù òde òní ní gíláàsì yíká àti ẹ̀rọ tí ń sẹ́ atẹ́gùn, páìpù sì ń fa oògùn wọ inú àgbá láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. GPS ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n máa ń dúró nínú oko ju àsíá kí awakọ̀ lè mọ ibi tí yóò fín, àwọn tó jẹ́ pé orí wọn gan-an ni oògùn ń dà sí. Lílo parathion dópin pátápátá ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2003.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ńkọ́? Láti ọdún 1974 títí di 2002, bàálù àti hẹlikópítà fọ́n temephos, tí òun náà jẹ́ organophosphate ṣùgbọ́n tí oró rẹ̀ kéré sí ti parathion gan-an, sórí àwọn odò ní Benin, Togo àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, láti pa ìdin kantíkantí tí ń fa ìfọ́jú etí odò. Iṣẹ́ rere ni, ó gba ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Nílé wa níbí, àjọ NAFDAC fòfin de chlorpyrifos, ọmọ ìdílé kan náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wa tó gbé ẹ̀rọ ìfínko sẹ́yìn kò bá ọ̀rọ̀ bàálù lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ibi tí bàálù ti ń fín oko ní Nàìjíríà ni apá àríwá, ní ìpínlẹ̀ bíi Kebbi, Sókótó, Jigawa àti Yobe, níbi tí àwọn ẹyẹ kéékèèké ajẹkà tí àwọn Hausa ń pè ní jan baki ti máa ń bo oko ọkà àti ti ìrẹsì bí ìkùukùu. Fenthion ni oògùn tí wọ́n ti ń lò fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́, organophosphate sì ni. Orílẹ̀-èdè Chad, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ mú ẹjọ́ fenthion tó le jù nínú wọn lọ síwájú àdéhùn Rotterdam nítorí àwọn èèyàn rẹ̀ tí oògùn náà mú. Láti ọdún 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń jiyàn lé e lórí kí wọ́n tó fi í sínú ìwé àdéhùn ní 2025, pé ẹni tó bá fẹ́ kó o wọ ìlú mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ níbẹ̀. Wọn kì í fín jan baki lówùúrọ̀. Ìgbà tí àwọn ẹyẹ náà bá ti ń rọ́ wọ ibi tí wọ́n ń sùn sí ni wọ́n máa ń fín wọn, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ilẹ̀ sì ń ṣú. Àkókò náà gan-an ni ọmọlójú awakọ̀ yẹ kó máa fẹ̀ sí i.